Ṣé Kí N Jẹ́ Kí Ọmọ Mi Fò?

  Nínú àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, ọ̀kan wà tí a kà lẹ́ẹ̀mejì kí a tó gbé e sílẹ̀. Ìyá kan tó ń gbé ní apá gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ọ́. Ó ní ọmọkùnrin òun, ọmọ ọdún 19, bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣeré lórí òkè kan nítòsí ìlú Brighton, tí wọ́n ń pè ní Devil's Dyke. Níbẹ̀ ni ó ti rí àwọn ènìyàn tí wọ́n so ara wọn mọ́ ìyẹ́ ńlá aláṣọ, tí wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà, tí ẹsẹ̀ wọn sì kúrò nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ọmọ yìí mọ́. Ó ti ń tọ́jú owó láti lọ kọ́ ọ.

Ìyá náà wá bi wá pé: “Orúkọ òkè yẹn nìkan ti tó láti lé mi sá. Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ mi fò, àbí kí n kọ̀ jálẹ̀? Bí mo bá kọ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé yóò lọ láìsọ fún mi.”

Màmá, a dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé sí wa. A kò ní dẹ́rù bà yín, a kò sì ní tàn yín jẹ. Nǹkan náà ti pa ènìyàn rí, ó sì lè pa ènìyàn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí pàtàkì kan wà tí ìyẹ́ òde òní fi yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ìdí náà ni a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí, kí ẹ lè mọ ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ọmọ yín àti àwọn tí yóò kọ́ ọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

KÍ NI NǸKAN NÁÀ GAN-AN?

Hang glider ni wọ́n ń pè é. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Aṣọ líle ni wọ́n nà sórí àwọn ọ̀pá alumíníọ̀mù. Bí ẹ bá wò ó láti òkè, ó dà bí orí ọfà tó gbòòrò: ọ̀pá méjì pàdé níwájú, níbi tí wọ́n ń pè ní imú, wọ́n sì ṣí sẹ́yìn sí ọ̀tún àti òsì, ọ̀pá kan tún gba àárín kọjá. Gbogbo rẹ̀ kò wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni irin onígun mẹ́ta kan wà, èyí tí awakọ̀ ń dì mú. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ yóò wọ aṣọ ìsokọ́ tó gbé e ní ìdojúbolẹ̀, okùn líle kan ni wọ́n sì fi so ó rọ̀ mọ́ ọ̀pá àárín.

Báwo ni ó ṣe ń fò láìní ẹ́ńjìnnì? Bí kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè láìjẹ́ pé a wà á ni. Ìyẹ́ náà ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìgbà. Sísọ̀ tí ó ń sọ̀ ló ń fún un ní eré, eré náà ló sì ń jẹ́ kí ó rí afẹ́fẹ́ dì mú. Bí awakọ̀ bá fẹ́ pẹ́ lókè, àfi kí ó wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gòkè: iwájú òkè tí afẹ́fẹ́ ń kọlù, tàbí ilẹ̀ tí oòrùn ti mú gbóná. Gbogbo wa la ti rí àṣá rí lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń yí lójú ọ̀run láìju apá. Ohun kan náà ni àṣá ń ṣe.

KÒ SÍ SÍTÍÁRÌ NÍBẸ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé irin onígun mẹ́ta yẹn ni sítíárì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara awakọ̀ ni sítíárì. Irin náà kàn jẹ́ ohun tó fi ń sún ara rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ ìyẹ́ ni. Bí ó bá fa irin náà mọ́ àyà, ara rẹ̀ á lọ síwájú, imú ìyẹ́ á lọ sílẹ̀, eré á pọ̀ sí i. Bí ó bá tì í kúrò lára, ara rẹ̀ á bọ́ sẹ́yìn, imú á gòkè, eré á dín kù. Bí ó bá fẹ́ yà sí òsì, á sún ara rẹ̀ sí òsì, ìwúwo rẹ̀ á tẹ apá òsì mọ́lẹ̀, ìyẹ́ náà á sì yà. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré rí mọ ohun tí à ń wí: bí ènìyàn kan ṣoṣo bá sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo ọkọ̀ ló máa mọ̀ ọ́n lára.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Bí awakọ̀ bá ti irin náà síwájú jù, eré á dín kù débi pé ìyẹ́ kò ní lè di afẹ́fẹ́ mú mọ́. Imú á já wálẹ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lókè réré, kò le púpọ̀, nítorí pé bí imú ti já wálẹ̀, eré á tún padà dé. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ kù díẹ̀, kò sí àyè fún eré láti padà. Níbẹ̀ ni ènìyàn ti ń fara pa.

Ohun tí a ti sọ yìí ni ìdarí, èyí tí awakọ̀ ń ṣe. Èkejì rẹ̀ ni ìdúróṣinṣin, èyí tí ìyẹ́ ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá mì í tí awakọ̀ kò tíì ṣe ohunkóhun. Méjèèjì kò gbọdọ̀ ya ara wọn. Ìtàn méjì ni a ó fi ṣàlàyé rẹ̀.

ỌKÙNRIN JÁMÁNÌ TÓ KỌ́ ÒKÈ FÚN ARA RẸ̀

Ní ọdún 1848 ni wọ́n bí Otto Lilienthal ní ìlú Anklam ní ilẹ̀ Jámánì. Láti kékeré ni òun àti àbúrò rẹ̀ Gustav ti ń wo bí àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ṣe ń fò. Ó di onímọ̀ ẹ̀rọ, ó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ lára ìyẹ́ oríṣiríṣi, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1889. Láti ọdún 1891 ni òun fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ní ọdún 1894, ó kó erùpẹ̀ jọ ní Lichterfelde lẹ́bàá Berlin, ó fi mọ òkè tó ga tó mítà 15, kí ó lè máa rí ibi fò láti apá ibikíbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ wá. Òkè náà wà níbẹ̀ títí di òní. Ó fò ní nǹkan bí ìgbà 2,000.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1896, ó ń fò lórí òkè Gollenberg nítòsí abúlé Stölln. Imú ìyẹ́ rẹ̀ gòkè, ìyẹ́ náà dúró lójú afẹ́fẹ́ bí ẹni tí eré tán nínú rẹ̀. Lilienthal ju ẹsẹ̀ síwájú láti fi ìwúwo ara rẹ̀ fa imú náà wálẹ̀. Kò tó. Ó já bọ́ láti nǹkan bí mítà 15, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣẹ́. Ó kú ní Berlin lọ́jọ́ kejì.

Kí ló fà á? Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilé iṣẹ́ ìwádìí òfuurufú ti Jámánì gbé ìyẹ́ kan tí wọ́n ṣe bíi ti Lilienthal gẹ́lẹ́ sínú ilé tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lu nǹkan. Wọ́n rí i pé ìyẹ́ náà dúró ṣinṣin. Ìyẹ́ kò burú. Ìdarí ni kò tó. Kì í ṣe okùn ló fi so ara rẹ̀ rọ̀ bíi ti òde òní. Apá ló fi gbé ara rẹ̀ sínú férémù náà, tí àyà àti èjìká rẹ̀ sì há sí àárín ìyẹ́. Ẹsẹ̀ àti ìbàdí nìkan ló kù tó lè jù síwá sẹ́yìn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ líle dé, ẹsẹ̀ méjì kò lè bá a jà.

Ìròyìn ikú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà, Wilbur àti Orville Wright. Wọ́n ronú pé ara ènìyàn nìkan kò lè ṣe é, wọ́n wá ọgbọ́n tí wọn yóò fi máa lọ́ ṣóńṣó ìyẹ́ pẹ̀lú okùn. Ọ̀nà yẹn ló gbé wọn dé ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1903, tí ọkọ̀ òfuurufú wọn tó ní ẹ́ńjìnnì fi gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́.

ÌYẸ́ TÓ GBÀGBÉ ARA RẸ̀

Ìtàn kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Francis Rogallo, àti ìyàwó rẹ̀ Gertrude ṣe káìtì kan tí kò ní igi nínú rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń fún un ní ìrísí. Nígbà tó yá, àwọn NASA gbé e yẹ̀ wò bóyá wọ́n lè fi sọ ọkọ̀ Gemini kalẹ̀ láti òfuurufú, ṣùgbọ́n páráṣúùtù ni wọ́n padà lò. Ní ọdún 1963, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Dickenson ní ìlú Grafton, ní Australia, fẹ́ ṣe ohun tí ọkọ̀ ojú omi lè fà tí yóò sì gbé ènìyàn fò. Ó ṣe ìyẹ́ irú ti Rogallo pẹ̀lú igi, ọ̀pá alumíníọ̀mù, àti ọ̀rá tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bo ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé ó so awakọ̀ rọ̀ sábẹ́ ìyẹ́, ó sì fi irin onígun mẹ́ta sí i. Báyìí, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ni awakọ̀ lè sún mọ́, gbogbo ara rẹ̀ ni. Ohun tí Lilienthal kò ní ti wá dé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, eré ìdárayá yìí tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Ìyẹ́ náà kò wọ́n, ó rọrùn láti ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ kan tilẹ̀ ń ṣe tiwọn nílé. Ìdarí rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ikú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọṣẹ́, ọ̀nà tí ó sì ń gbà wá kò tètè yé àwọn ènìyàn: ìyẹ́ tó ń fò lọ́nà tó dára yóò ṣàdéédéé dorí kodò, kò sì ní gbé imú sókè mọ́ títí yóò fi dé ilẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ wá ló ń fẹ aṣọ náà, òun ló sì ń fún un ní ìrísí. Bí imú bá lọ sílẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò ní ti ìsàlẹ̀ wá mọ́. Aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fì pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ bí aṣọ tí a sá sórí okùn. Aṣọ tó ń fì kì í ṣe ìyẹ́ mọ́. Awakọ̀ á fi gbogbo agbára ti irin, kò ní gbọ́, nítorí pé ìwúwo ara kò lè darí ìyẹ́ tí kò rí afẹ́fẹ́ dì mú. Lilienthal ní ìdúróṣinṣin, kò ní ìdarí tó tó. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ní ìdarí, ṣùgbọ́n ìdúróṣinṣin ìyẹ́ wọn fi wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀ jù.

ILÉ LA TI Ń KẸ́ṢỌ̀Ọ́ RÒDE

Kì í ṣe agbára ọwọ́ awakọ̀ ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìyẹ́ ni wọ́n tún ṣe.

Èkíní, wọ́n lọ́ ìyẹ́ náà. Bí ẹ bá dúró sẹ́yìn hang glider òde òní, ẹ ó rí i pé etí ẹ̀yìn aṣọ ní ṣóńṣó ọ̀tún àti ti òsì ga díẹ̀ ju ti àárín lọ. Nítorí pé ìyẹ́ náà ṣí sẹ́yìn bí orí ọfà, ṣóńṣó méjèèjì wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n so awakọ̀ kọ́ sí. Bí imú bá lọ sílẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ á lu òkè ṣóńṣó méjèèjì, á tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá sì ti lọ sílẹ̀, imú kò lè ṣàìgòkè, bíi pákó tí ọmọdé méjì jókòó sí lórí, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Bí imú bá sì ga jù tí eré dín kù, àárín ìyẹ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ afẹ́fẹ́ nù, ṣóńṣó tó wà lẹ́yìn á ṣì máa gbé ẹ̀yìn ró, imú á sì rọra sọ̀ kalẹ̀ láti tún wá eré. Nítorí náà, ìyẹ́ tó dára ní eré kan tí ó máa ń padà sí fúnra rẹ̀ bí awakọ̀ bá kàn mú ọwọ́ kúrò lára irin.

Èkejì, wọ́n fi okùn wáyà tín-ín-rín so etí ẹ̀yìn aṣọ náà kọ́ mọ́ ọ̀pá kan tó dúró lókè ìyẹ́. Lójoojúmọ́, okùn yìí dẹ̀, ẹ ó rò pé kò wúlò. Ṣùgbọ́n bí imú bá já wálẹ̀, yóò le gan-in, yóò sì gbé etí aṣọ náà sókè kí ó má bàa dẹ̀ kí ó sì máa fì. Àwọn ìyẹ́ kan kò ní ọ̀pá òkè yìí. Ọ̀pá kúkúrú tó wà nínú ṣóńṣó wọn ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹta, àwọn tó ń ṣe ìyẹ́ ní Amẹ́ríkà kó ara wọn jọ ní àwọn ọdún 1970, wọ́n fi òfin ìdánwò lélẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù náà ní tiwọn. Wọ́n á de ìyẹ́ mọ́ orí ọkọ̀ ilẹ̀, wọ́n á wa ọkọ̀ náà ní eré, wọ́n á sì máa yí imú ìyẹ́ sókè sódò, kí wọ́n lè wọ̀n bóyá ó ń gbìyànjú láti gbé imú rẹ̀ sókè tàbí láti dorí kodò. Kódà, wọ́n á yí i dé ibi tí kò sí awakọ̀ tó gbádùn tí yóò mọ̀ọ́mọ̀ dé. Ìyẹ́ tí kò bá yege kò ní gba ìwé ẹ̀rí. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti rí àṣìṣe ìyẹ́ náà, kí ó tó gbé ọmọ ẹnikẹ́ni lọ sókè.

A kò sọ pé ewu ti tán. Afẹ́fẹ́ tó ń rú gan-an lè dojú ìyẹ́ tó dára jù lọ dé. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi ń gbé páráṣúùtù pàjáwìrì dání, tí wọ́n sì ń yẹra fún ẹ̀yìn òkè níbi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń yí po. Awakọ̀ tó gbọ́n mọ ọjọ́ tó yẹ kí ó ká ìyẹ́ rẹ̀ kí ó sì máa lọ sílé.

ỌWỌ́ TÓ FẸ́LẸ́

Ohun kan kù tó wà lọ́wọ́ ọmọ yín fúnra rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń di irin náà mú bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Ìyẹ́ á yẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, yóò fipá sún sí òsì. Kí ìyẹ́ tó dáhùn, yóò tún ti sún sí i. Ìyẹ́ á wá yà sí òsì ju bó ṣe yẹ lọ, òun náà á tún sáré padà sí ọ̀tún. Báyìí ni yóò máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó rò pé afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ni. Ohun tí àwọn olùkọ́ ń tẹnu mọ́ ni pé kí ó fi ọwọ́ tó fẹ́lẹ́ mú un, kí ó sún ara díẹ̀, kí ó sì dúró de ìdáhùn. Nígbà tí ó bá sì fẹ́ balẹ̀, kí ó dojú kọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí ó ní eré tó tó, kí ó má sì ti irin síwájú gan-an títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

ÌBÉÈRÈ TÓ YẸ KÍ Ẹ BÈÈRÈ

Màmá, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má kọ̀ jálẹ̀, kí ẹ má sì gbà láìbéèrè. Ẹ bá ọmọ yín lọ síbi tó fẹ́ ti kọ́ ọ. Ẹ bèèrè nǹkan wọ̀nyí:

1. Ǹjẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà wà lábẹ́ BHPA, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó eré yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

2. Ǹjẹ́ ìyẹ́ tí wọn yóò gbé fún un ní ìwé ẹ̀rí ìdánwò, ṣé èyí tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ sì ni? Àwọn ìyẹ́ kan wà fún ìdíje. Wọn kò yẹ ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kí ó má ra àlòkù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé olùkọ́ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

3. Ta ló ń yẹ wáyà, aṣọ àti ọ̀pá wò kí wọ́n tó fò? Ẹ ní kí wọ́n fi àwọn wáyà tín-ín-rín tí a sọ lẹ́ẹ̀kan hàn yín. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú wọn tàbí kí ó fà wọ́n gùn nítorí pé ó fẹ́ kí ìyẹ́ sáré sí i.

4. Ṣé wọ́n ń ní kí awakọ̀ fi ara rọ̀ lórí ilẹ̀ ná, kí wọ́n lè rí i pé wọ́n ti so ó mọ́ ìyẹ́ lóòótọ́? Àwọn kan wà tí wọ́n sáré gbéra tí wọ́n gbàgbé láti so ara wọn kọ́. Gbogbo ọgbọ́n tí a ti sọ di asán bí okùn yẹn kò bá sí níbẹ̀.

5. Ibo ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ìdáhùn tó dára ni pé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré ni, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti ní ga sí ilẹ̀.

Bí wọ́n bá fi sùúrù dá yín lóhùn, ọwọ́ tó dára ni ọmọ yín wà. Bí wọ́n bá ń fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ fa ọmọ yín lọ́wọ́ kí ẹ máa lọ sílé.

Ẹ̀yin òbí yòókù tí ọmọ yín kò ronú kan òkè kankan, ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin náà. Wọ́n ti lọ́ ìyẹ́ yẹn kí ó tó kúrò nílé. Bí ó bá ti wà lókè tí imú rẹ̀ já wálẹ̀, kò sí ẹni tó lè gun àkàbà lọ lọ́ ọ mọ́. Ohun tí wọ́n ti fi sí i lára nílẹ̀ ni yóò gbé e dìde. Ẹ wo àwọn ọmọ tó ń jẹun nínú ilé yín lálẹ́ òní, kí ẹ rò ó wò.

Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé padà sí wa kí a lè gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Ẹ bá wa kí ọmọ yín. Ó dìgbà kan ná.